Ṣé kí n máa ṣe sáfíìsì ọ̀kadà mi nílé, àbí kí n máa gbé e padà fún àwọn tó tà á?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù tó kọjá ni mo ra ọ̀kadà tuntun, oní-125, irú ẹ́ńjìnì CG, tí mo fi ń gbé ẹrù àwọn oníbàárà láti Bàrígà lọ sí Yàbá àti agbègbè rẹ̀. Mítà rẹ̀ ti ń lọ sí 600. Àwọn tó tà á fún mi ní ọ̀dọ̀ àwọn nìkan ni kí n ti máa ṣe sáfíìsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàràǹtì ti lọ nìyẹn. Ẹnì kan tó ra irú rẹ̀ sọ fún mi pé odindi ọjọ́ kan ni wọ́n máa ń fi dá èèyàn dúró. Ẹ̀gbọ́n mi sì ní ọ́ìlì lásán ni wọ́n ń pààrọ̀, kí n ra sípánà kí n máa ṣe é nílé. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ má tíì fi sípánà kàn án. Sáfíìsì àkọ́kọ́, èyí tó sábà máa ń bọ́ sáàárín 500 sí 1,000 kìlómítà, ọ̀dọ̀ àwọn tó tà á ni kí ẹ gbé e lọ. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà le. Òǹtẹ̀ tí wọ́n máa tẹ̀ sínú ìwé wàràǹtì yín ni ẹ ń lọ gbà. Lásìkò yìí, jíà àti ríǹgì tuntun ṣì ń ha ara wọn, ọ́ìlì tó bá jáde á máa dán bí ẹni pé wọ́n po eruku fàdákà mọ́ ọn. Bí àléébù kan bá ti wà lára ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́, àkókò yìí ló sábà máa ń yọjú, ẹ ò sì ní fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọwọ́ yín ló bà á jẹ́. Ẹ jókòó ka ìwé wàràǹtì náà: ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n máa tẹ òǹtẹ̀, ní kìlómítà mélòó, kí sì ni wọn ò ní sanwó rẹ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì, gílóòbù, bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì kì í sábà sí níbẹ̀. "Sáfíìsì ọ̀fẹ́" náà, owó iṣẹ́ ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó ọ́ìlì, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Ẹ̀gbọ́n yín ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́ ṣá. Ìwé ọkọ̀ ò mọ Ìkòròdú Road. Kìlómítà ló ń kà, mítà kì í sì í ka ìdúró: bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín fún wákàtí kan, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ń gbóná, mítà wà lójú kan. Ẹni tó bá ń rin 80 kìlómítà lójúmọ́ ti lé ní 1,500 lọ́jọ́ kọkàndínlógún. Fún ọkọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín, tí ọ́ìlì inú rẹ̀ ò tó lítà kan, 1,500 yẹn ni kí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì, láìwo ohun tí ìwé sọ. Wáyà mítà wà lára ohun tó máa ń tètè já. Bó bá já, ẹ máa fi ọjọ́ kà. Torí náà, kì í ṣe èwo nínú méjèèjì. Àwọn sáfíìsì tó ní òǹtẹ̀, ẹ gbé wọn lọ. Iṣẹ́ tó wà láàárín òǹtẹ̀ kan sí èkejì ni tiyín. Bí ìwé náà bá sì kọ ọ́ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ ní sùúrù títí wàràǹtì á fi parí.

Ọ́ìlì ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọ́n jù. Ẹ́ńjìnì CG ń gba 0.9 lítà bí ẹ bá kàn dà á nù. Ìgbà tí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnì pátápátá ló ń gba 1.1. Lítà kan ló wà nínú ike tí wọ́n ń tà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dorí ike kodò títí á fi kán tán, wọ́n á ní kékeré tó lé yẹn ò lè ṣe nǹkan. Ó ń ṣe nǹkan. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, kíráńkì, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, á máa nà án títí á fi hó bí ọṣẹ, èéfín inú ẹ́ńjìnì á sì máa tì í gba ihò atẹ́gùn lọ sínú àpótí fìlítà afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá rí i pé fìlítà òun ń kán ọ́ìlì á rò pé ríǹgì ti jẹ, wọ́n á sì bá a tú ẹ́ńjìnì tí kò ṣe nǹkan kan.

20W-50 (bí ọ́ìlì ṣe ki tó nìyẹn) ti ọ̀kadà ni kí ẹ rà, tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2, àmì ọ́ìlì tó bá kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà mu, sí ẹ̀yìn ike rẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà inú ọ́ìlì kan náà ló ń wẹ̀. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò tó fúyẹ́, tí wọ́n po ohun tó ń mú irin yọ̀ mọ́, máa ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì náà yọ̀: ẹ́ńjìnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ. Ẹ wò ó bóyá òrùka abẹ́ ìdérí ike náà ò tíì já. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ dá ike náà lu kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣà á lórí ààtàn kó lọ tún ayédèrú rọ sí i.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ìdúró àárín lórí kọ́ńkéré, kì í ṣe lórí iyanrìn, kí ẹ sì jìnnà sí ibi tí ará ilé ti ń dáná. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú 3 kí ọ́ìlì lè rọ̀, ẹ pa á, ẹ gbé bàsíà sábẹ́, ẹ fi sípánà 17 tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Ẹ jẹ́ kó kán fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ pààrọ̀ wáṣà rẹ̀ bó bá ti pẹlẹbẹ.

Ìgbà tí ẹ bá ń dá nọ́ọ̀tì yẹn padà gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀. Ìka ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ le ju bí ìdérí ìgò ṣe ń yí lọ. Bó bá há lẹ́yìn ìyípo kan, ẹ tú u, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà kúkúrú àti ọwọ́ kan ṣoṣo fún un. Irin ni nọ́ọ̀tì náà, alumíníọ́mù ni ara ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ sípánà, ojú ihò náà, ìlà tó ń di nọ́ọ̀tì mú, á fá. Ojú ihò tó bá ti fá, àwọn kan á fi òwú wé nọ́ọ̀tì, wọ́n á fi tipátipá tì í wọlé. Ọjọ́ tó bá já bọ́ lójú ọ̀nà, ìṣẹ́jú mélòó kan ni ẹ́ńjìnì máa fi há. Onílééṣì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ni kí ẹ gbé e lọ bá, kó fi ojú tuntun sí ihò náà.

Bí ẹ bá ti rọ 0.9 tán, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú 3. Ẹ nu ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ kì í bọ ihò láìyí i wọlé, kí ẹ tó wò ó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yí i wọlé á máa rí i pé ọ́ìlì pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ọ́ìlì tó dúdú kì í ṣe àrùn. Èyí tó bá funfun bí ọ̀gì, omi ti wọ inú rẹ̀: ẹ dà á nù lójú ẹsẹ̀, ẹ fi tuntun rìn fún ọjọ́ kan, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀. Lákòókò òjò, bí àgbàrá bá mu ẹ́ńjìnì títí ọkọ̀ fi kú sínú rẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti tanná sí i. Ẹ tì í jáde, ẹ kọ́kọ́ tú pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ wo ọ́ìlì. Ọ́ìlì àlòkù ẹ má dà á sí gọ́tà. Ọ̀sà ló ń lọ.

Ṣéènì, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì àlòkù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì jíà sí i. Ọ́ìlì tí ẹ dà nù nínú ẹ́ńjìnì kò dára fún un, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á máa jẹ ṣéènì bí igi tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́. Ẹ fi ìka ti àárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè-sódò: kó jẹ́ nǹkan bíi 20 sí 30 mílímítà. Ẹ yí táyà, kí ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin, torí ṣéènì kì í jẹ dọ́gba. Ibi tó le jù ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n. Ṣéènì tó le jù burú ju èyí tó dẹ̀ díẹ̀ lọ, bẹ́áríǹ táyà ẹ̀yìn àti ti jíà ló ń pa. Àmì tó wà lápá ọ̀tún àti tòsì gbọ́dọ̀ dọ́gba kí ẹ tó dì í. Bí ẹ bá sì tú ìdè ṣéènì, ẹ wo kílíìpù rẹ̀ dáadáa: ó dà bí ẹja tó la ẹnu. Orí tó dì ni kó kọjú síbi tí ṣéènì ń sáré lọ, kí ẹnu tó là wà lẹ́yìn.

Fìlítà tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un láìlọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára. Oníbébà kì í fojú kan omi. Pọ́lọ́ọ̀gì, 0.6 sí 0.7 mílímítà ni àlàfo rẹ̀. Ẹ fẹ́ iyanrìn ìdí rẹ̀ kúrò kí ẹ tó tú u. Bí ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì náà bá pọ́n bí èèpo ẹ̀pà, ó dára. Dúdú gbígbẹ, ẹ wo fìlítà àti kábúrétọ̀. Dúdú tó ń yọ̀ fún ọ́ìlì, ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á.

Ohun tí mi ò ní kí ẹ dán wò nílé ni kílọ́ọ̀ṣì, ìtúdí ẹ́ńjìnì, bẹ́áríǹ ọrùn ọkọ̀, àti bíréèkì tó ń lo omi. Nọ́ọ̀tì kílọ́ọ̀ṣì ní irinṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan ní ìta á fi ṣísẹ́lì àti hámà lù ú, ẹ ó sì mọ ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún nípa ojú nọ́ọ̀tì tó ti wú.

Ó ku tápẹ́ẹ̀tì, irin tó ń ti fáfù ẹ́ńjìnì ṣí, òun ló sì dáhùn ọ̀rọ̀ odindi ọjọ́ kan tí ẹ ń rojọ́ rẹ̀. Àlàfo fáfù CG jẹ́ 0.08 mílímítà, ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá nìkan ni wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n. Bó bá fún jù, fáfù èéfín ò ní padé dáadáa, á jóná. Torí náà, tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún tẹ́tẹ́tẹ́ díẹ̀ sàn ju èyí tó dákẹ́ lọ. Ọkọ̀ tí ẹ gùn láti Bàrígà dé ọ̀dọ̀ wọn kò lè tutù láàárín wákàtí kan. Bí wọ́n bá dá a dúró, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn tápẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ bi ní ìbéèrè. Ẹ gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nírọ̀lẹ́ nígbà tí ẹ bá parí iṣẹ́, kí ẹ padà débẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ẹ ní kí wọ́n ṣe tápẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tanná sí ẹ́ńjìnì rárá, kí wọ́n da ọ́ìlì lójú yín, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ kí ẹ tó gùn ún kúrò.