Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò: bí a ṣe ń mọ ewé eéran yàtọ̀ sí gbódógì

Ohun tí ẹ bèèrè ni pé ẹ hú ewé mọ́ínmọ́ín nínú igbó, ẹ gbìn ín sábẹ́ kòkó, ewé ń yọ yẹ̀rì, ṣùgbọ́n èso dídùn tí ẹ torí rẹ̀ gbìn ín kò yọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbódógì lẹ hú. Lọ́jà, ewé mọ́ínmọ́ín ni gbogbo wọn ń jẹ́, orúkọ tí ìlú kan sì fi ń pe ọ̀kan, ìlú kejì lè fi pe èkejì. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ mọ́ra, Thaumatococcus daniellii ni mò ń pè ní eéran níbí, Megaphrynium macrostachyum ni mò ń pè ní gbódógì.

Fífẹ̀ ewé kò lè yà wọ́n. Ewé àwọn méjèèjì lè gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ewé kan ṣoṣo ló ń wà lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá náà sì lè ga ju èèyàn lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò pa ọrùn ewé, níbi tí ọ̀pá ti fẹ́ kan ewé: oríkèé kan wà níbẹ̀ tó wú díẹ̀, tó sì dán ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Òun ló ń jẹ́ kí ewé lè yí ojú sí ìmọ́lẹ̀. Ìdò kò ní in, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní in, ataare náà kò ní in. Ṣùgbọ́n eéran ní in, gbódógì ní in, torí ẹbí kan náà ni wọ́n. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n á rí oríkèé, wọ́n á ní ó parí.

Ibi tí òdòdó ti yọ ni kí ẹ wá. Ti eéran, ilẹ̀ ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ká ewé gbígbẹ kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ ó rí òdòdó elése àlùkò lórí ṣírí kúkúrú tó yọ nídìí, ẹ̀bá gbòǹgbò tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ bíi ti atalẹ̀. Ilẹ̀ náà ni èso ti ń pọ́n, nígbà mìíràn iyẹ̀pẹ̀ á ti bò ó. Ó pupa fòò, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ó ní igun mẹ́ta, igun kọ̀ọ̀kan sì yọ síta bí ìyẹ́. Tí ẹ bá là á, kóró dúdú mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó le koko, omi tó ń fà yọ̀ọ̀ bò ó, ẹran rírọ̀ díẹ̀ sì wà nídìí kóró. Ẹran yẹn ni adùn wà. Èròjà inú rẹ̀ dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 2,000, ìwọ̀n fún ìwọ̀n. Dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855. Òun ni wọ́n fi sọ ewéko náà lórúkọ.

Ti gbódógì, òkè ni òdòdó wà: ara ọ̀pá ewé gan-an ló ti ń yọ, ṣírí rẹ̀ á gùn, á sì tú yẹ́ngẹ́. Ìbátan rẹ̀ kan, Sarcophrynium brachystachys, náà ń so lára ọ̀pá, àmọ́ ṣírí tirẹ̀ kúrú, ó sì há mọ́ra. Tí ọ̀pá bá pẹ̀ka, tí ewé kéékèèké sì pọ̀ lórí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, Marantochloa nìyẹn, ìbátan wọn mìíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún ataare àti àwọn ìbátan rẹ̀ inú igbó. Èso tiwọn náà pupa, ilẹ̀ náà ló ń wà, òun ló sì ń tan ẹni tó ti gbọ́ pé ilẹ̀ ni kí òun wò. Ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ló pọ̀ lórí ọ̀pá kan ṣoṣo, ó ń ta sánsán tí ẹ bá rún un, kóró wẹ́wẹ́ ló sì kún inú èso rẹ̀. Ẹ má tọ́ èso kankan wò kí ẹ tó rí ewé kan lórí ọ̀pá kan, èso nílẹ̀ àti igun mẹ́ta papọ̀. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ àgbáyun: igi ni àgbáyun, èso rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ohun kíkan tí a bá jẹ lé e lórí ló ń sọ di dídùn.

Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ni kí ẹ padà sínú igbó, torí ìgbà náà ni èso eéran ń pọ́n. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọ̀pá èyí tí ẹ bá rí èso nídìí rẹ̀, kí ẹ sì dúró kí òjò fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó hú u. Tí ẹ bá hú èyí tí ẹ kò so aṣọ mọ́ nígbà tí kò sí èso, ojú lásán lẹ fi ń yàn. Ẹ gé gbòǹgbò tó ní ojú tó ń hù, kí ẹ gbìn ín síbi tí ibòji wà tí ilẹ̀ sì tutù. Ẹ má hú gbódógì tó wà nílẹ̀ dànù, ó dára láti pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ṣùgbọ́n ẹ gbin eéran jìnnà sí i, torí abẹ́ ilẹ̀ làwọn méjèèjì ń gbà rìn: tí wọ́n bá wọnú ara wọn, ẹ kò ní mọ èyí tí ẹ ń hú mọ́.