Kí ló gba Québec lọ́wọ́ Faransé?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. A dé ibi ogun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jà ní Kánádà, mo wá sọ fún wọn pé ìjà tó gba Québec ní 1759 kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọmọ kan ní ṣé bí wọ́n ṣe ń gba odindi ilẹ̀ nìyẹn? Báwo ni kí n ṣe là á yé wọn láàárín ogójì ìṣẹ́jú?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, ìbéèrè gidi ló bi yín. Ìjà orí pápá Abraham, lẹ́yìn odi Québec, kò pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló gba Kánádà. Odò ló gbà á, odò náà sì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó dárúkọ ọ̀gágun kankan, ẹ ya odò Saint-Laurent sójú pátákó. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ gan-an níbi tó ti wọ òkun, kí ẹ wá máa fún un títí dé Québec, níbi tí ìbú rẹ̀ kò ti ju bíi kìlómítà kan lọ. Kódà, ibi tí odò ti fún ni orúkọ ìlú náà túmọ̀ sí lédè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀tù, ìbọn, ọmọ ogun, àti ìyẹ̀fun nígbà tí ìkórè kò bá dáa, odò yìí ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wọlé láti ilẹ̀ Faransé. Nígbà òtútù, yìnyín á dí i, ọkọ̀ òkun ò ní lè kọjá. Ẹni tó bá di ọ̀nà omi yìí mú, ọ̀fun Kánádà ló dì mú.

Ní oṣù Kẹfà 1759, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé lábẹ́ Saunders, ọ̀gá ogun ojú omi wọn, wọ́n kó ọ̀gágun Wolfe àti àwọn ọmọ ogun tó tó bíi 8,500 wá. Faransé ti gbọ́kàn lé e pé ọkọ̀ ńlá ò lè la ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́bàá erékùṣù Orléans kọjá, wọ́n sì ti yọ àwọn àmì tó ń júwe ọ̀nà kúrò. Àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí James Cook wà lára wọn, wọn jíjìn omi náà níbì kan sí ibì kan, wọ́n sì kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ 28, Faransé darí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dáná sí sọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti tètè ṣáná jù. Àwọn atukọ̀ wọ ọkọ̀ kéékèèké, wọ́n fi ìwọ̀ irin kọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń jó náà, wọ́n sì wọ́ wọn sápá kan. Láti ọjọ́ 12 oṣù Keje ni àgbá ti ń dún láti òdìkejì odò, tó ń wó ilé ìlú náà lulẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù náà, Wolfe gbìyànjú láti gúnlẹ̀ ní Montmorency, nísàlẹ̀ odò sí ìlú náà, ó pàdánù èèyàn tó lé ní 400 láàárín òkú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́.

Òru ọjọ́ 12 mọ́jú 13 oṣù Kẹsàn-án ni ẹ lè fi iṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko sọ. Omi òkun máa ń gun odò yìí wá, á sì tún fà padà. Bó ṣe ń fà ní bíi aago méjì òru ni àwọn ọkọ̀ kéékèèké bá a sọ̀kalẹ̀ láti òkè odò. Àwọn olùṣọ́ Faransé ń retí ọkọ̀ oúnjẹ. Wọ́n ti fagi lé ìrìn àjò ọkọ̀ oúnjẹ náà, ẹnìkan ò sì sọ fún wọn. Olùṣọ́ ké sí wọn, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbédè fi Faransé dáhùn, olùṣọ́ sì jẹ́ kí wọ́n kọjá. Wọ́n gun òkè Foulon, tó ga ní bíi mítà 50. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, èèyàn bíi 4,400 ti wà lórí pápá.

Àṣìṣe Montcalm, ọ̀gágun Faransé, ni pé kò dúró de Bougainville, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ológun rẹ̀, tó wà lókè odò pẹ̀lú àwọn àṣàyàn ọmọ ogun. Ó tún da àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kó wọ ogun mọ́ ojúlówó sójà. Àgbẹ̀ á yìnbọn, á dùbúlẹ̀ láti ki òmíràn, bí wọ́n ṣe ń jà nínú igbó. Sójà á dúró ki tirẹ̀. Ni ìlà bá wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ti ki ọta méjì méjì, wọn ò sì yìn ín àfìgbà tí Faransé sún mọ́ wọn tó bíi mítà 40. Wolfe kú lórí pápá, Montcalm kú lọ́jọ́ kejì, ìlú sì juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 18.

Ẹ má dúró síbẹ̀, nítorí ìdáhùn ọmọ yẹn wà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1760, Lévis, ọ̀gágun Faransé, padà wá, ó sì ṣẹ́gun Gẹ̀ẹ́sì ní Sainte-Foy, nítòsí pápá yẹn gan-an. Ó dó ti ìlú náà. Tọ̀tún tòsì wá ń wo odò, wọ́n ń retí ọkọ̀ tí yóò kọ́kọ́ yọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ọ̀kan yọ: ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, Lévis sì kẹ́rù rẹ̀. Faransé ò rí ọkọ̀ ogun ńlá rán wá mọ́, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ti fọ́ wọn ní Quiberon, létíkun ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kọkànlá 1759. Montréal juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1760; wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Paris, tó parí ogun náà, ní 1763.

Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń pàdánù máàkì nínú ìdánwò ni ọdún. Ogun Ọdún Méje ni wọ́n ń pè é, 1756 sí 1763, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ìbọn ti ń dún láti 1754. Bí àyè bá sì wà, ẹ fi Sẹ̀nẹ̀gà hàn wọ́n lórí àwòrán ilẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì gba Saint-Louis àti Gorée níbẹ̀ ní 1758, wọ́n dá Gorée padà nínú àdéhùn yẹn, wọ́n sì di Saint-Louis mú, èyí tó wà lẹ́nu odò.