BI MÍ LÉÈRÈ: Fáìlì ńlá tó kọ̀ tí kò wọ dátábéèsì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọ̀gá mi ní kí n kó àkọsílẹ̀ owó tí àwọn oníbàárà ti ń san láti ọdún 2015 sínú dátábéèsì PostgreSQL. Fáìlì CSV ni (ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín sí òpó-òpó), ìlà rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 3. Mo kọ ètò kékeré kan tó ń fi àṣẹ INSERT kó wọn wọlé ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ mọ́ bá a lẹ́nu iṣẹ́, kò tíì dé ìdajì. Ẹnìkan ní kí n lo COPY, àṣẹ tó ń kó odindi fáìlì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lò ó, sáfà (kọ̀ǹpútà tí dátábéèsì wà lórí rẹ̀) ní òun kò rí fáìlì náà, bẹ́ẹ̀ ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? (Akọ̀wé owó)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá. Òótọ́ ni sáfà sọ. COPY tí ẹ tẹ̀ yẹn, sáfà fúnra rẹ̀ ni ẹ rán pé kó lọ ṣí fáìlì, orí dísìkì tirẹ̀ ló sì wá a sí. Ẹ tún ohun tó kọ sí yín kà. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HINT, ó sì dárúkọ \copy ti psql níbẹ̀. Mo máa ń bẹ àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ pé kí wọ́n ka ìlà yẹn dópin kí wọ́n tó máa wá olùrànlọ́wọ́ kiri, torí àwọn tó ṣe PostgreSQL fara balẹ̀ kọ ọ́ ni.

psql ni irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ àṣẹ sí PostgreSQL. \copy inú rẹ̀ máa ń ka fáìlì lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ jókòó sí, á sì máa dà á sọ́dọ̀ sáfà. Kò bèèrè ipò ọ̀gá lórí sáfà, bí wọ́n bá ṣáà ti fún yín láyè láti kọ nǹkan sínú tábìlì náà. Orí ìlà kan ṣoṣo ni kí ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sí:

\copy agbawole from 'owo.csv' with (format csv, header)

Ìdí tí INSERT yín fi falẹ̀ kò ṣòroó rí. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń lọ sọ́dọ̀ sáfà, ó ń dúró kí dísìkì gbà á pátápátá, ó tó kan òmíràn. Bí ẹni ń fi ṣíbí bu omi kún àmù ni. Odò ńlá kan ṣoṣo ni COPY ń ṣí.

Ẹ óò rí i pé agbawole ni mo pe tábìlì yẹn, n kò pè é ní tábìlì tí ilé iṣẹ́ yín ń lò. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Tí ìlà kan bá bàjẹ́, COPY á dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọjọ́ kan tí wọ́n ṣì kọ ní ìlà 2,900,000 ti tó kí ohunkóhun má wọlé. Láti PostgreSQL 17, tó jáde ní 2024, ẹ lè sọ pé on_error ignore, á sì fo ìlà tí kò lè yí padà. Fún àkọsílẹ̀ owó, n kò fara mọ́ ọn rárá. Ìlà tó fò yẹn, owó tí ẹnìkan làágùn kó tó san ni.

Torí náà, ẹ dá agbawole sílẹ̀, kí gbogbo òpó rẹ̀ jẹ́ text, láìsí index (atọ́ka tó ń mú kí wíwá nǹkan yá) kankan. Ọjọ́ àti iye tó bàjẹ́ pàápàá á wọlé. Ẹ wá fi ojú yín wá ìlà tí iye rẹ̀ ṣófo tàbí tí kì í ṣe nọ́ńbà:

select * from agbawole where iye is null or iye !~ '^[0-9]+(\.[0-9]+)?$';

Ẹ má yọ "is null" kúrò o. Nínú CSV, àyè òfo tí kò ní àmì àyọlò máa ń di NULL (àìsí ohunkóhun), àmì !~, tó ń wá ohun tí kò bá àpẹẹrẹ mu, kò sì ní mú un jáde.

Ọjọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. 03/04/2019, ṣé oṣù kẹta ni àbí oṣù kẹrin? Ẹni tó kọ fáìlì ni kí ẹ bi. Nígbà tí ẹ bá ti tún àwọn ìlà tó bàjẹ́ ṣe, ẹ kó wọn sínú tábìlì tí ilé iṣẹ́ yín ń lò (mo pè é ní sisanwo); bí ọjọ́ bá ṣáájú oṣù, báyìí ni:

insert into sisanwo (onibara, ojo, iye) select onibara, to_date(ojo, 'DD/MM/YYYY'), iye::numeric from agbawole;

Bí psql bá ń ké "invalid byte sequence for encoding UTF8: 0x92", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti orí Windows ni fáìlì ti wá. Ẹ fi encoding 'WIN1252' kún ohun tó wà nínú àkámọ́, kí ẹ sì yẹ orúkọ mélòó kan wò bóyá wọ́n jáde dáadáa.

Tí ó bá parí, ẹ ṣe ANALYZE sisanwo, kí PostgreSQL lè mọ bí ohun tó wà nínú tábìlì náà ṣe rí. Ẹ wá ro àpapọ̀ iye pọ̀ ní ọdọọdún, kí ẹ gbé e ka ẹ̀gbẹ́ ìwé ìṣirò owó ilé iṣẹ́. Bí kò bá dọ́gba, iṣẹ́ kò tíì parí. Bí ó bá dọ́gba, ẹ fi DROP TABLE pa agbawole rẹ́, torí orúkọ àti owó àwọn ènìyàn ló wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mà, mo fi \copy kó àwọn oníbàárà wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà id wọn. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ fi ẹni tuntun kún un, ó ń sọ pé "duplicate key", pé wọ́n ti lo nọ́ńbà náà tẹ́lẹ̀. (Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Fáìlì rẹ ló mú nọ́ńbà wá, torí náà ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà fún id kò mọ̀ pé wọ́n ti lò wọ́n. Láti 1 ló ṣì ń kà. Dúró di ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ nǹkan sínú tábìlì náà, kí o tẹ èyí:

select setval(pg_get_serial_sequence('onibara', 'id'), (select max(id) from onibara));

Ẹni tuntun yóò gba nọ́ńbà tó tẹ̀ lé èyí tó ga jù.