Òǹtẹ̀ ìjọba ara gẹdú, ṣé òun náà ni àmì FSC?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Káfíńtà ni mí ní Sáńgò, n'Ìbàdàn. Oníbàárà mi kan tó wà ní Jámánì ní kí n kan tábìlì mẹ́fà fóun, ṣùgbọ́n pákó tó ní ìwé ẹ̀rí FSC (Forest Stewardship Council, àjọ àgbáyé tó ń rí sí i pé wọ́n ń tọ́jú igbó dáadáa) lòun fẹ́. Ẹni tí mò ń ra pákó lọ́wọ́ rẹ̀ ní Bódìjà ní ìjọba ti lu òǹtẹ̀ sí gẹdú tí wọ́n fi la tòun. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gba owó lọ́wọ́ oníbàárà yín.

Òǹtẹ̀ yẹn, òòlù ni òṣìṣẹ́ ẹ̀ka igbó fi ń lù ú sí orí gẹdú lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó ìjọba. Ó dára kó wà. Ṣùgbọ́n pé wọ́n gbàṣẹ kí wọ́n tó gé igi náà ló ń sọ; kò sọ bóyá ẹnikẹ́ni gbin òmíràn. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ìrókò tín-ín-rín lórí ọkọ̀ agbégi, igi tí kò tíì so èso tí yóò fi ọmọ sílẹ̀ nínú igbó.

Ọdún 1993 ni wọ́n dá FSC sílẹ̀, Bonn ní Jámánì sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Igbó fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò: ṣé ohun tí wọ́n ń gé kò ju ohun tó ń hù lọ, ṣé wọn ò ba odò jẹ́, ṣé wọn ò fi ẹ̀tọ́ àwọn ará abúlé dù wọ́n. Ọdún 5 ni ìwé ẹ̀rí náà ń lò, wọ́n sì ń padà wá yẹ ibẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Ibi tó ti ń ṣòro fún káfíńtà nìyí: ìwé ẹ̀rí yẹn kì í bá igi kiri. Ẹni tó ni igbó gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, ẹni tó ra igi náà tó sì là á sí pákó gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, ẹni tó ń ta pákó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín kò bá ní, ibẹ̀ ló já sí. Nítorí náà, ẹ má kọ FSC sára tábìlì yín. Bí ọlọ́jà bá ta kú pé òun ní in, ẹ bi í ní nọ́ńbà rẹ̀: FSC-C ló fi ń bẹ̀rẹ̀, fígọ̀ 6 ló tẹ̀ lé e. Ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ FSC fúnra wọn. Orúkọ tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti orí rìsíìtì mu.

Ẹ sọ òótọ́ fún oníbàárà yín, kí ẹ sì fi tíìkì tàbí Gmelina tí wọ́n gbìn lọ̀ ọ́. Wọ́n gbin méjèèjì sí igbó ọba Onígàǹbàrí nítòsí wa níbí, bí wọ́n bá sì gé wọn, kùkùté wọn tún ń rú. Ní ti apá àti ògànwó, n ò ní gbà yín níyànjú: láti 2022 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fohùn ṣọ̀kan lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó lè run, pé pákó wọn ò gbọdọ̀ kọjá ibodè láìsí ìwé àṣẹ.

Bí irú igi kan bá rú yín lójú, ẹ mú ègé rẹ̀ lọ bá àwọn onímọ̀ igi ní FRIN, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí igbó, ní Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn níbí. Kí ọlọ́jà sì kọ irú igi náà àti igbó tó ti wá sórí rìsíìtì kí ẹ tó sanwó.