Ìlà ò kúrò lára ọ̀bẹ mi: bẹ́líìtì wo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Àrọ̀ yè o, ọ̀gá. Ìbàdàn ni mo wà, sípíríǹgì mọ́tò ni mo fi ń rọ ọ̀bẹ ìdáná. Gíráíńdà mi ń lo bẹ́líìtì oníyanrìn, ínǹṣì 2 ní ínǹṣì 72. Nọ́ńbà 60 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń bọ́ sí 120, màá wá fi 400 parí ẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń dán. Tí mo bá gbé e síta sínú oòrùn, màá rí àwọn ìlà jínjìn lára ẹ̀. Ẹnìkan ní kí n lọ ra 1200. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á o. Ìlà tí ẹ ń rí nínú oòrùn yẹn kì í ṣe ti 400. Ti 60 ni, tàbí ti 120. Bẹ́líìtì 400 mú òkè ìlà náà dán, kò dé ìsàlẹ̀ ẹ̀. Bí ẹ bá tún gbé 1200 lé e, ńṣe ni ìlà náà máa hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé gbogbo ibi tó yí i ká á máa dán gbinrin. Owó tí ẹ fẹ́ ná sórí bẹ́líìtì ìkẹyìn, àárín ni kí ẹ ná an sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwọ̀n yanrìn tó wà lórí wọn; bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni yanrìn ń kúnná sí i. Ti P60 tó máíkírọ́ọ̀nù 269, ti P120 jẹ́ 125, ti P220 jẹ́ 68, ti P400 jẹ́ 35. (Máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan.) Láti 60 sí 120, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì lẹ dín in kù, ìyẹn dáa. Àmọ́ láti 120 sí 400, yanrìn 35 lẹ ní kó lọ pa ojú ipa 125 rẹ́. Ó lè ṣe é tí ẹ bá dúró tì í títí, ṣùgbọ́n irin á ti gbóná, bẹ́líìtì á ti kú, iṣẹ́ á sì ti sú yín. P220 lẹ fò. Òun gan-an ni bẹ́líìtì tí ẹ ń wá.

Ẹ yẹ ẹ̀yìn bẹ́líìtì wò dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí nọ́ńbà máa ń tan èèyàn jẹ. Lẹ́tà P yẹn jẹ́ ìwọ̀n àwọn ará Yúróòpù. Èyí tí wọ́n fi ìwọ̀n Amẹ́ríkà ṣe kì í ní P, 400 tiẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 23, ìyẹn ni pé ó bọ́ sáàárín P600 àti P800. Ẹni tó bá ra 220 tó ní P, tó wá ra 400 tí kò ní P, àlàfo tó wà láàárín wọn ju ohun tó rò lọ. Bẹ́líìtì Trizact tí ilé iṣẹ́ 3M ń ṣe tún yàtọ̀: A ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà ẹ̀, bí nọ́ńbà bá sì ṣe ń kéré sí i ni yanrìn ń kúnná sí i. A45 sún mọ́ P400, A16 sún mọ́ P1200.

Ní ti irú yanrìn, sẹ̀rámíìkì ló dáa jù fún 36, 60 àti 120. Iṣẹ́ agbára ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá tẹ irin mọ́ ọn, yanrìn ẹ̀ á máa fọ́ díẹ̀díẹ̀, ojú tuntun tó mú á sì máa yọ. Ṣùgbọ́n níbi ìdán, ọwọ́ fẹ́lẹ́ la fi ń ṣiṣẹ́. Sẹ̀rámíìkì ò ní fọ́ lábẹ́ ọwọ́ fẹ́lẹ́, ó kàn máa kú ni, á máa fi ara pa irin, irin á gbóná. Nítorí náà, láti 220 lọ sókè, ẹ lo alumíníọ̀mù ọ́sáídì tàbí Trizact, kí aṣọ ẹ̀yìn ẹ̀ sì jẹ́ J. J ni aṣọ tó rọ̀, X le jù ú lọ, Y ló le jù. Níbi ọrùn ọ̀bẹ, tí ìlà máa ń sá pamọ́ sí jù, ẹ jẹ́ kí etí bẹ́líìtì J yọ kọjá irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 3. Á tẹ̀ wọ kọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀, kò sì ní gún irin.

Bẹ́líìtì tó dáa lọ́wọ́ ẹni tí kò wo ìlà, òfò ni. Lórí gíráíńdà, ìlà máa ń lọ láti ojú ọ̀bẹ sí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Tí ẹ bá ti kúrò ní 60, ẹ tẹ ọ̀bẹ sí apá òsì díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń lo 120, kí ìlà tuntun lè dábùú ti àtijọ́. Ìgbà tí gbogbo ìlà bá kọjú sọ́nà kan náà, tí ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù nínú ti 60, ìgbà yẹn ni 120 tó ṣe tán. Ní 220, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí apá ọ̀tún. Ẹ má fi gílóòbù tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù wò ó, ìmọ́lẹ̀ tó bá ń tàn tààrà kì í fi kòtò hàn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ rá bàbà lórí irin. Ohun tí oòrùn ń fi hàn yín níta, ẹ máa rí i nínú ilé. Kí ẹ tó pààrọ̀ bẹ́líìtì, ẹ fọ ọ̀bẹ, ẹ fọ ọwọ́, torí hóró yanrìn 60 kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ bẹ́líìtì 400 lè fa ìlà tuntun.

Tí ó bá jẹ́ ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo lẹ rí lórí bẹ́líìtì tuntun, hóró kan ló yọrí ju àwọn yòókù lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi irin àlòkù pa á díẹ̀. Tí ó bá sì jẹ́ àmì kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí ẹ tún ń gbọ́ kù-kù-kù bí ẹ̀rọ ṣe ń yí, ojú ìso bẹ́líìtì ló ga. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi ẹnu méjèèjì kan ara wọn, tí wọ́n fi téèpù fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, kí ẹ má ra èyí tí wọ́n gbé ẹnu kan lé orí èkejì.

Iná ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Sípíríǹgì tí ẹ ti tì bọ epo, tí ẹ sì ti yan ní nǹkan bíi 200°C, tó bá tún gbóná kọjá ibẹ̀ lórí bẹ́líìtì, líle ojú ẹ̀ á máa lọ. Tí ẹ bá ti rí àwọ̀ búlúù ní etí ojú ọ̀bẹ, ó ti tó nǹkan bíi 300°C níbẹ̀, kò sì sí bẹ́líìtì tó lè dá líle yẹn padà. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi mú un, láìwọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ máa rì í bọ omi lẹ́yìn gbogbo ìfà. Ẹ dín eré ẹ̀rọ kù fún 220 àti 400. Bẹ́líìtì tó ti kú, ẹ yọ ọ́ dànù, òun ló ń dáná sun ọ̀bẹ jù.

Lẹ́yìn 400, mo máa ń kúrò lórí ẹ̀rọ. Sánpépà P400 tí a fi wé pákó tó tẹ́jú, omi ọṣẹ, ká sì máa fà á láti ìdí èèkù lọ sí ṣóńṣó. Ní ìfà ìkẹyìn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Tí ẹ bá ń fà á lọ fà á bọ̀, ìlà á ká bí ìwọ̀ ẹja níbi tí ọwọ́ ti yí padà. Èyí ti tó fún ọ̀bẹ ìdáná. Sípíríǹgì kì í ṣe irin tí kì í dípẹtà, inú ìlà jínjìn sì ni omi ata àti iyọ̀ máa ń sá pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka mímú ìlà 60 kúrò sí ju dídán lọ.

Ẹ wọ ìbòmú tó ní fílítà gidi, kì í ṣe ti aṣọ. Ẹ má sì lọ igi èèkù sórí ẹ̀rọ kan náà láìkọ́kọ́ gbá eruku irin kúrò, torí iná tó ń ta lára irin lè ran eruku igi. Ní àsìkò òjò, ẹ gbé bẹ́líìtì kọ́ síbi gbígbẹ, lórí igi tó nípọn, kí ó má bàa ká.

Tí owó tó wà lọ́wọ́ bá kéré: sẹ̀rámíìkì 60 méjì, sẹ̀rámíìkì 120 méjì, P220 mẹ́ta tó ní aṣọ J, P400 ẹyọ kan. Ọ̀bẹ tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ dá a padà sí 120, ẹ tún un ṣe láti ibẹ̀. Tí tọ́ọ̀ṣì bá ṣì fi ìlà jínjìn hàn lẹ́yìn 120, a jẹ́ pé ti 60 ni, 60 náà sì ni kí ẹ padà sí.