Ìró Kọ-kọ-kọ Nínú Ẹ́ńjìnnì

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi máa ń dún kọ-kọ-kọ bí mo bá ń gun òkè. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ yọ géèjì ọ́ìlì wò, nítorí pé bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀, irin á máa gbá irin, ẹ kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ náà mọ́. Bí ó bá pé, bẹntiróòlù ni mo fura sí: bí ọ́kítéènì rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bí bẹntiróòlù kì í ṣe é tètè gbiná fúnra rẹ̀, bá kéré sí èyí tí ìwé ọkọ̀ là sílẹ̀, apá kan rẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ibẹ̀. Ẹ ra èyí tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n bí ìró náà bá wúwo, tí kò sì dáwọ́ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.