Ṣé ẹyẹ kan náà ló ń padà wá nígbà ọyẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lékèélékèé kan wà ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ níbí, lọ́nà ọjà ẹja Olúwo. Tí ọyẹ́ bá ti dé, orí igi kan náà ló máa ń bà lé. Àgógó rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló jẹ́ yẹ́lò. Ṣé ọ̀kan náà ni? Ẹnìkan ní kí n dẹ tàkúté fún un, kí n so òwú pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí n lè dá a mọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé òwú yẹn jù nù. Ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn yẹn kò mọ nǹkan kan nípa ẹyẹ. Bí ẹyẹ bá ṣe ń rìn nínú koríko ni kókó òwú á máa fún sí i. Ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ìka mọ́, ẹsẹ̀ á wú, á jẹrà. Bí kò bá fún, á lọ́ mọ́ àwọ̀n apẹja. Òrùka tí àwọn onímọ̀ ń lò yàtọ̀: irin fífúyẹ́ tàbí ike ni, wọ́n ń wọn ẹsẹ̀ kí wọ́n tó yan ìwọ̀n rẹ̀, ó sì ń yí fàlàlà. Ẹni tó kọ́ ọ, tó sì gbàṣẹ, ló ń ṣe é.

Èyí tí ẹ rí kì í ṣe lékèélékèé. Yẹ́lò ni àgógó lékèélékèé, màlúù ló sì sábà máa ń tẹ̀ lé. Bí ẹ ṣe júwe rẹ̀ yìí, ó jọ little egret (ẹyẹ funfun kan tó jọ lékèélékèé), ṣùgbọ́n ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ kí n tó búra, nítorí reef egret funfun, ìbátan rẹ̀, náà wà létí òkun wa.

Ní ti igi: igi kan náà kò sọ pé ẹyẹ kan náà ni. Ibi tí ẹja kéékèèké pọ̀ sí dùn mọ́ gbogbo wọn; bí ọ̀kan bá kúrò, òmíràn á gbà á, kódà láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ẹ má fi ìtóbi wò ó: èyí tó ká ọrùn kò dà bí èyí tó nà án. Ìyẹ́ gígùn tó ń yọ lẹ́yìn orí wọn nígbà ìyéyin kì í pẹ́ bọ́, èyí tó bá sì ya, tuntun á hù rọ́pò rẹ̀. Ìka tó gé sàn díẹ̀ láti fi dá a mọ̀, àmọ́ okùn ìwọ̀ ń gé ìka ẹyẹ púpọ̀.

Ní Slimbridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń dá Bewick's swan (ẹyẹ omi ńlá funfun kan) mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti 1964, torí bátànì dúdú àti yẹ́lò ara àgógó wọn kò bára mu. Dúdú lásán ni ti ẹyẹ tiyín.

Kò sí bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ dájú, àfi kó ní òrùka àwọn onímọ̀ lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹsẹ̀ ọ̀tún tàbí òsì (ti ẹyẹ o, kì í ṣe tiyín), òkè tàbí ìsàlẹ̀ oríkèé, àwọ̀ òrùka, àwọ̀ lẹ́tà, lẹ́tà fúnra rẹ̀. Lórí òrùka aláwọ̀, lẹ́tà sábà máa ń tún ara rẹ̀ ṣe yíká, torí náà ẹ dúró kó yí. Bí ẹ kò bá dá 8 mọ̀ yàtọ̀ sí B, ẹ kọ pé kò dájú. Àbá lásán ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́. Ti òrùka irin le jù, bainókúlà kì í sábà kà á. Ẹ ya fọ́tò púpọ̀ láti ìhà oríṣiríṣi. Ẹ fi ránṣẹ́ sí EURING, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi òrùka sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ ní Yúróòpù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí sí APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ ní Jos.

Bó bá jẹ́ òkú ẹyẹ lẹ bá pàdé, ẹ ya fọ́tò òrùka rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ lásán kàn án. Bird flu ti wọ Nàìjíríà láti 2006.